Irin Ẹsẹ̀ Abọ́dúndé

Ewé ìwé méjìlá tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni Àǹtí Ethel kó lé Ambrose lọ́wọ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú, nínú oṣù tí ìjọba yí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, tí àwọn ará Èkó ṣì ń wo ibi tí kò yẹ kí wọ́n wò kí wọ́n tó sọdá títì. Inú yàrá kan ṣoṣo tí Ambrose háyà ní Àgùdà ló bá a. Tíṣà ni Ethel ní Yábàá, ọmọ Bàbá Jethro tí í ṣe olórí ẹbí sì ni. Òun ló ń bá bàbá rẹ̀ tẹ ìtàn ìdílé tí bàbá náà ti ń kọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ethel kò jókòó.

"Ojú ewé kẹsàn-án ni kó o kà," ó wí. "Jẹ́ kí n lọ tán kó o tó kà á."

Ambrose kò dúró. Ó kà á níṣojú rẹ̀.

*Àṣàbí, ẹrú tí Akọni Abọ́dúndé kó bọ̀ láti ogun Ìjàyè, bímọ mẹ́ta. Àwọn ọmọ wọ̀nyí àti gbogbo ẹni tó ti ara wọn jáde jẹ́ ará ilé, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe onílé.*

Ìdí ìyàwó mìíràn tí Abọ́dúndé fẹ́ ni Bàbá Jethro ti wá. Àṣàbí ló bí Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé ló bí Josiah. Josiah ló bí Ambrose àti Oyèníran àbúrò rẹ̀. Kò sí ìgbà kankan, láti kékeré Ambrose títí dé ọdún kejìlélọ́gbọ̀n tó wà yìí, tí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ẹrú kàn án létí.

Inú rẹ̀ ò kọ́kọ́ ru. Ńṣe ló tutù, bó ṣe máa ń tutù lójú ogun kí ìbọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ara rẹ̀ gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí.

"Òkúta yẹn ńkọ́?" ó bi Ethel. "Orúkọ Oyè wà lára rẹ̀?"

Ethel wolẹ̀. "Kò sí níbẹ̀. Dádì ní ti àwọn onílé nìkan ni."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fẹ́ ṣí òkúta ìrántí tí Bàbá Jethro gbé kalẹ̀ sí àgbàlá ilé ẹbí ní Ìwáyà. Orúkọ gbogbo jagunjagun ìdílé ni wọ́n gbẹ́ sí i, láti orí Abọ́dúndé tó ja ogun Ìjàyè, dé orí àwọn tó lọ sí Bọ́má nígbà ogun àgbáyé kejì, dé orí àwọn tó kú nínú ogun abẹ́lé tó parí ní ọdún méjì sẹ́yìn. Oyèníran kú sí etí odò lápá Oníṣà ní ọdún kìíní ogun náà. Wọn ò rí òkú rẹ̀ gbé wálé. Làbákẹ́ ìyá wọn, tó ń ta òwú ìránṣọ ní Ọ̀yìngbò, kò béèrè ohun púpọ̀ látọjọ́ náà. Ibi kan tó lè fọwọ́ kàn ló ń wá, kó lè sọ pé ibí ni ọmọ òun wà.

Ambrose wọ bàtà. Ọta ìbọn tí àwọn dókítà ò rí yọ ṣì wà ní itan rẹ̀, ó sì máa ń tiro tó bá yára rìn. Lọ́jọ́ náà, ó yára rìn.

Ó bá Bàbá Jethro nínú àgbàlá ní Ìwáyà, lórí àga, pẹ̀lú gíláàsì ojú rẹ̀ àti bírésì tó fi gbé ṣòkòtò rẹ̀ dúró, bó ṣe máa ń múra láti ìgbà tó ti jẹ́ akọ̀wé ní rélùwéè ní Ìdó. Òkúta náà wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Ambrose. Jókòó."

"Màá dúró, sà. Ta ni ẹrú, Bàbá?"

Bàbá Jethro bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Ethel ló fún ọ."

"Kì í ṣe ẹni tó fún mi ni mo bi yín."

"Ìtàn ni mo kọ, n kò kọ èébú. Gbogbo wa ni wọ́n ń kì ní Ọmọ Onírin-lẹ́sẹ̀. O mọ ìdí ẹ̀? Abọ́dúndé ló ń kan irin mọ́ àwọn tó bá mú lógun lẹ́sẹ̀. Ìyá bàbá bàbá rẹ wà lára wọn. A ò fi bú yín rí. A jọ jẹ, a jọ mu. Ṣùgbọ́n tó bá di ká kọ nǹkan sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, a ní láti kọ ọ́ bó ṣe rí."

"Nígbà tí ogun dé," ni Ambrose wí, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sókè rárá, "ẹ̀yin lẹ pè wá sínú àgbàlá yìí. Ẹ ní ìdílé yìí ò gbọ́dọ̀ ṣaláìní ẹni tó máa lọ. Ẹ gbé ọwọ́ lé èmi àti Oyè lórí, ẹ pè wá ní Ọmọ Onírin-lẹ́sẹ̀. Ọmọkùnrin tiyín wà nílé-ìwé lókè òkun lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ yẹn, onílé ni wá."

Bàbá náà wọ gíláàsì rẹ̀ padà. "Ìpàdé ẹbí wà ní Fúráìdé, agogo mẹ́rin ọ̀sán. Ẹni tó bá ní ìtàn tó yàtọ̀ sí tèmi, kó mú un wá. Ẹ̀rí ni mo fẹ́. Ìbínú kì í ṣe ẹ̀rí."

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó ti ara Àṣàbí jáde tààrà. Sìmíátù ni, àbígbẹ̀yìn rẹ̀, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Ọkọ tó fẹ́ ló sọ ọ́ di Mùsùlùmí, Múṣin sì ló ń gbé, lẹ́yìn ibi tí àwọn kápẹ́ńtà ń gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹbí máa ń ránṣẹ́ sí i nígbà ìsìnkú àti ìgbéyàwó pé kó wá súre. Tó bá súre tán, wọ́n á gbé oúnjẹ fún un, wọ́n á dá a padà sílé.

Ambrose àti ìyá rẹ̀ débẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ìyá àgbà náà ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí lórí ẹní níwájú ilé. Ambrose dọ̀bálẹ̀, ó ka ojú ewé kẹsàn-án fún un.

"Tún un kà."

Ó tún un kà.

"Ta ló kọ ọ́?"

"Bàbá Jethro ni, Ìyá."

"Jethro tí mo pọ̀n." Ó ti àwo ẹ̀gúsí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gúsí dà sórí ẹní, kò wò ó. "Làbákẹ́, sún mọ́ mi. Ambrose, ìwọ náà jókòó. Ẹ ò bi mí rí. Ẹ gbọ́ ọ báyìí."

Ohun tó sọ fún wọn nìyí, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́ fún un nígbà tó bá ń dirun fún un.

Ogun Ìjàyè ti wọ ọdún kejì nígbà tí Abọ́dúndé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ dé bùdó àwọn Ìbàdàn. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlélógún. Kò ní ẹṣin, kò sì ní ọmọ-ogun kankan lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kan, ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún un pe ìgbìmọ̀ sí abẹ́ àtíbàbà. Ọ̀gá náà ní kí wọ́n la odò kọjá ní ìdájí, kí wọ́n lọ dáná sun oko àgbàdo kan ṣoṣo tó kù fún àwọn ará Ìjàyè. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ní ó dára. Abọ́dúndé nìkan ló ní òjò ti rọ̀ lókè odò. Ó ní odò á ti kún kí wọ́n tó ṣe tán, wọn ò sì ní rí ọ̀nà padà. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan bi í bóyá ìyá rẹ̀ ń retí rẹ̀ nílé. Ojú tì í, inú sì bí i. Ó fa idà yọ, ó fi ahọ́n kan ojú rẹ̀, ó búra pé òun lòun máa ṣáájú, àti pé tí òun bá wẹ̀yìn, kí irin pa òun.

Ọgbọ̀n ni wọ́n. Àgbàdo jó. Odò kún. Àwọn ará Ìjàyè ti tò sí etí rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Kí oòrùn tó yọ tán, ìjà ti parí, àwọn mẹ́rin péré ló sì ṣẹ́kù láàyè. Abọ́dúndé wà lára wọn.

Ilé Àkàngbé alágbẹ̀dẹ ni wọ́n wọ́ wọn lọ. Àkàngbé fúnra rẹ̀ ló rọ irin, òun ló sì kàn án mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Àṣàbí ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

"Ṣé ẹ gbọ́?" ni Sìmíátù bi wọ́n. "Bàbá ìyá mi ló kan irin mọ́ Abọ́dúndé lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni Onírin-lẹ́sẹ̀ ti wá. Kò sí ibòmíràn tó ti wá."

Àwọn Ìbàdàn yí ìlú ká. Oúnjẹ ò wọlé mọ́. Àwọn ará ìlú jẹ irúgbìn tí wọ́n fi pamọ́, wọ́n jẹ ewé inú igbó ẹ̀yìn odi, wọ́n jẹ aláǹgbá. Ní ilé Àkàngbé, wọ́n bọ́ awọ lára ẹwìrì, wọ́n sè é fún ọjọ́ méjì, wọ́n jẹ ẹ́. Láti ọjọ́ náà ni iná àgbẹ̀dẹ ti kú. Ohunkóhun tí Àṣàbí bá rí, ó ń pín in dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nínú irin. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjì kú. Bàbá rẹ̀ ní kí ló dé tó ń bọ́ ọ̀tá nígbà tí ọmọ ìyá rẹ̀ ń kú. Àṣàbí ní àwọn tí òun ń bọ́ ò lè rìn lọ wá tiwọn. Mẹ́ta nínú àwọn tó wà nínú irin kú síbẹ̀ náà. Abọ́dúndé ò kú.

Ọ̀sán gangan ni ìlú fọ́. Àkàngbé ti kú ní ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú. Àṣàbí gbọ́ igbe láti ẹ̀gbẹ́ odi, ó gbé òòlù bàbá rẹ̀, ó já irin ẹsẹ̀ òsì Abọ́dúndé. Irin ẹsẹ̀ ọ̀tún ò já. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ló gé, òrùka irin náà sì wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà lè sá lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀. Ó dúró. Àwọn jagunjagun ti wọ àgbàlá, wọ́n ń so èèyàn pọ̀ mọ́ ara wọn. Ó fa ọmọbìnrin náà sẹ́yìn ara rẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, tòun ni, òun ló mú un. Ọ̀rọ̀ yẹn ló yọ Àṣàbí.

Nígbà tí wọ́n jìnnà sí èéfín ìlú, ó kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, ó fi ẹnu kan irin tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Àṣàbí ọmọ Àkàngbé, ìwọ lo tú mi sílẹ̀. Ìyàwó ni mo fi ọ́ ṣe. N kò rà ọ́, n kò mú ọ. Bí mo bá pè ọ́ lẹ́rú, tàbí bí ẹnikẹ́ni bá pè ọ́ bẹ́ẹ̀ létí mi tí mo dákẹ́, kí irin yìí bá mi ṣe ẹjọ́."

Wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Irin ń bó o lẹ́sẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà, Àṣàbí ń ki ewé sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ibodè, àwọn ará ilé tú jáde. Wọ́n rí ọmọ wọn tí wọ́n ti sunkún rẹ̀ tán, wọ́n rí ọmọbìnrin kan tó ń tẹ̀ lé e. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Wọ́n ní akọni ni. Wọ́n ní ó kó ẹrú bọ̀. Ẹnì kan rí irin ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rò pé ọ̀ṣọ́ jagunjagun ni, ó pè é ní Onírin-lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń jó. Àṣàbí ń wo ẹnu ọkọ rẹ̀, ó ń retí kó là á.

"Kò là á," ni Sìmíátù wí. "Ogójì ọdún ni wọ́n jọ lò lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò là á. Ó máa ń sunkún bẹ ìyá mi nínú yàrá, ó máa ń ṣe akọni lóde. Ìyá mi ní ohun tó dun òun jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹrú. Ó ní bàbá òun tó bí òun ò sí mọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bí ẹni pé inú igbó ni wọ́n ti he òun."

Ambrose dìde. Ó lọ síbi tí àwọn kápẹ́ńtà ti ń gbẹ́ igi, ó padà wá, ó tún lọ. Orúkọ Abọ́dúndé ló máa ń pè nínú kòtò nígbà tí àdó olóró bá ń já lé wọn lórí. Ó ti pè é títí ohùn rẹ̀ fi há. Inú ń bí i sí Jethro, ṣùgbọ́n ìbínú tó ń bí i sí òkú ọkùnrin náà lágbára jù ú lọ, kò sì rí ibi tó máa gbé e sí.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ látọjọ́ yìí, Ìyá?"

"Ta ló bi mí?" ni Sìmíátù wí. "Ẹ máa ń ní kí n súre. Mo ń súre."

Làbákẹ́ ń bá ìyá àgbà náà kó ẹ̀gúsí tó ti dà sílẹ̀.

Ní Fúráìdé, Ambrose gba takisí láti Múṣin, ó sì gbé Sìmíátù lọ́wọ́ wọ pálọ̀ ilé ẹbí ní Ìwáyà bí ẹni gbé ọmọ. Àwọn tó wà níbẹ̀ tó ọgbọ̀n. Bàbá Jethro gbàdúrà, ó ka ètò ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ló ní Ambrose ní ọ̀rọ̀.

"Èmi kọ́," ni Ambrose wí. "Ìyá ló ni í."

Sìmíátù sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi kún un, kò sì yọ nínú rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti jẹ awọ ẹwìrì, obìnrin kan fi ọwọ́ bo ojú.

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Jethro. Wọ́n ń retí kó ní irọ́ ni. Ó nu gíláàsì rẹ̀, ó nu ún títí.

"Mo mọ̀," ó wí níkẹyìn.

Ethel dìde lórí àga. "Ẹ mọ̀, Dádì?"

"Bàbá mi sọ ọ́ fún mi kó tó kú. Ó ní kó má ti ọ̀dọ̀ mi jáde." Ó kọjú sí gbogbo wọn. "Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ń jẹ́ ọmọ akọni. Orúkọ yẹn la fi ń fẹ́ ìyàwó. Òun la fi ń jókòó láàárín àwọn èèyàn wa nílé. Ṣé kí n wá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹni tí gbogbo wa ti ara rẹ̀ jáde jẹ́ ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀, tí ọmọdébìnrin ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu?"

"Nítorí náà lẹ ṣe bọ́ irin náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀," ni Ambrose wí, "tí ẹ kàn án mọ́ ẹni tó já a."

Àgbà kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé wúkọ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí nílé. Bàbá Jethro di ọ̀rọ̀ náà mú kíá.

"Ohun tí mo lè ṣe nìyí. Màá yọ ojú ewé kẹsàn-án. Màá ní kí ẹni tó gbẹ́ òkúta náà gbẹ́ orúkọ Oyèníran sí i láàárọ̀ ọ̀la kí àlejò tó dé. Ti Abọ́dúndé máa wà bó ṣe wà. A ò ní pe Àṣàbí lẹ́rú, a ò sì ní pè é ní nǹkan kan. A ò ní dárúkọ rẹ̀. Kí Ìyá sì bá wa búra pé ọ̀rọ̀ yìí ò ní jáde mọ́."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ó dáa, ó dáa, ni wọ́n ń wí kiri. Ambrose la ẹnu láti kọ̀, ó sì rántí ìyá rẹ̀. Ó wo Làbákẹ́. Ojú obìnrin náà wà níta, níbi tí aṣọ funfun náà wà. Ambrose pa ẹnu dé. Ó mọ̀ pé tí ìyá òun bá gbà, òun máa gbà, inú á sì máa bí òun títí òun á fi kú.

Làbákẹ́ dìde. Ó gba àárín wọn kọjá lọ sí àgbàlá, ó ká aṣọ náà sókè. Àwọn tó wà nínú pálọ̀ ń wò ó látojú fèrèsé. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ títí ó fi dé ibi tí orúkọ tán sí. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ibẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó wọlé, ojú rẹ̀ gbẹ.

"Ààyè rẹ̀ wà," ó wí. "Ó gbà á dáadáa. Bàbá, ẹ má kọ ọ́."

"Làbákẹ́, rò ó dáadáa. N kò ní tún un sọ."

"Mo ti ń rò ó láti ọdún márùn-ún, sà. Mi ò ronú nǹkan míì." Ohùn rẹ̀ le, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Ọ̀yìngbò ò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí. "Ẹ ti fi orúkọ Abọ́dúndé tan ọmọ mi lọ síbi tó kú sí. Ẹ ò ní fi orúkọ ọmọ mi ra Ìyá yìí lẹ́nu. Tẹ́ ẹ bá gbẹ́ ẹ síbẹ̀, màá fi òòlù gé e kúrò."

Ó na ọwọ́ sí Sìmíátù. Ambrose gbé ìyá àgbà náà, wọ́n jáde. Bàbá Jethro ń pe orúkọ Ethel lẹ́yìn wọn, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé Ethel náà ti gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Wọ́n ṣí òkúta náà ní Sátidé. Àlùfáà wá, ó ka ìwé mímọ́, wọ́n ya fọ́tò. Àwọn tó lọ sọ lẹ́yìn náà pé ìdajì àga ló ṣófo, àti pé Bàbá Jethro ka ìtàn náà débi ojú ewé kẹjọ, ó ṣí ewé méjì papọ̀, ó ń bá a lọ. Ambrose ò tún kí i mọ́ láyé rẹ̀. Nígbà tí bàbá náà kú ní ọdún kẹrin sí i, ó lọ sí ìsìnkú, ó dúró lẹ́yìn, kò bu yẹ̀pẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé yẹn, iwájú ilé Sìmíátù ní Múṣin kún. Àwọn kan jókòó lórí pákó tí àwọn kápẹ́ńtà yá wọn. Ẹlòmíràn gbé ọmọ wá. Ethel jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìlọsóde tó ti wọ̀ fún Ìwáyà. Ìbínú Ambrose ò tíì rọ̀, ó dúró ti ògiri, ó ká ọwọ́ gbera.

Sìmíátù ní kí wọ́n máa wí i tẹ̀lé òun, kí wọ́n má kàn gbọ́ ọ lásán. Ó bẹ̀rẹ̀.

"Àkàngbé alágbẹ̀dẹ, ará Ìjàyè, ló bí Àṣàbí."

Wọ́n wí i.

"Àṣàbí bí Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé bí Josiah. Josiah fẹ́ Làbákẹ́, wọ́n bí Ambrose, wọ́n bí Oyèníran tó kú sí etí odò."

Ohùn Làbákẹ́ ló ga jù nígbà tí wọ́n wí ìyẹn.

"Abọ́dúndé ńkọ́, Ìyá?" ni Ethel bi í.

"Ọkọ rẹ̀ ni," ni Sìmíátù dáhùn, ó sì kọjá lọ sórí ọmọ Àṣàbí kejì.